Ohun Tí Ìyá Dẹ́rẹ́bà Lọ Sọ fún Dókítà

Bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ni obìnrin yìí ń wà, iṣẹ́ náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àtọmọdé àtàgbà, títí kan ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ ẹ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọwọ́ ọkọ̀. Ó mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Ó mọ ọmọ tí í bì bí wọ́n bá yà ní kọ́nà, ó mọ èyí tí í sùn kọjá ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń wa ọkọ̀, kò fi ara kan adìyẹ rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ènìyàn. Tó bá fẹ́ fọ́nnu, ohun tí í fi í fọ́nnu nìyẹn, kò ní òmíràn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin. Ìyá bàbá ọmọ náà ló sọ ọ́ ní Eṣinṣin, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí màmá àgbà náà ti wí, kò sí ibi tí kì í bà, kò sì sí ibi tó bà tí í pẹ́. Bí wọ́n bá rán an ní omi, á dé ìdí ẹ̀rọ, á rí èèrà tó ń tò lọ lára ògiri, á tẹ̀ lé èèrà. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á wá a títí, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ni wọn ó ti bá a, níbi tó gbé dojú bolẹ̀ nídìí ihò èèrà. Ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ rẹ̀ gbé àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú, ó gbé e sẹ́yìn, ó gbé e sún mọ́ ògiri. Nígbà tó yá, olùkọ́ ní ibi tó kù tí òun ò tíì gbé e sí ni orí òrùlé.

Bàbá ọmọ náà, tó ń lẹ táìlì sílẹ̀ ilé onílé, ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó ní bí òun náà ṣe rí ní kékeré nìyẹn, òun sì dàgbà, òun fẹ́yàwó, òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá Dẹ́rẹ́bà ò bá a jiyàn. Ó kàn wò ó, ọkùnrin tó lè fi odindi òwúrọ̀ wá téèpù ìwọnlẹ̀ tó so mọ́ bẹ́líìtì ara rẹ̀. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́sàn-án, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó mú un lọ sí ọsibítù àwọn ọmọdé. Wọ́n bi í ní ìbéèrè rẹpẹtẹ, wọ́n bá ọmọ náà ṣe oríṣiríṣi eré tó jọ ìdánwò, wọ́n wá sọ fún un pé kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe ìwà àìgbọràn. Ọkàn ọmọ náà ni kì í lè dúró sójú kan. Wọ́n dárúkọ àìsàn náà fún un, orúkọ gígùn kan tí àwọn dókítà ti gé kúrú sí lẹ́tà mẹ́rin, wọ́n sì fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò láràárọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, Eṣinṣin jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ kan, ó ṣe iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dìde. Ìyá rẹ̀ wọ ilé ìdáná lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ pé òun ń sunkún.

Bí ọmọ náà ṣe kàwé jáde nìyẹn. Oògùn náà ò sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Àwàdà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ohun tó bá bẹ̀rẹ̀, á parí ẹ̀. Nígbà tó di géńdé, ó gbaṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń di ọjà ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà. Gbogbo owó tó ń rí níbẹ̀ ló ń gbé lọ sí pápákọ̀ òfurufú kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú, nítorí ó ti pinnu pé awakọ̀ òfurufú lòun máa jẹ́.

Obìnrin kan tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun ló ń kọ́ ọ. Ọ̀gá ni gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń pè é, kì í sì í yin ènìyàn. Bí ẹnì kan bá bà sílẹ̀ dáadáa, á ní, “Ó bà,” ó tán. Síbẹ̀, nígbà tí Ìyá Dẹ́rẹ́bà lọ mú ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá rìn wá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ní ọwọ́ ọmọ yìí balẹ̀, irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ìyá Dẹ́rẹ́bà gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹyin. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé báwo ni ọwọ́ ẹni tí kì í rántí ibi tó gbé bàtà sí ṣe ń balẹ̀ lójú ọ̀run. Eṣinṣin rò ó díẹ̀.

“Màmá, nílẹ̀ níbí, gbogbo nǹkan ló ń pè mí lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá wà lókè, àwọn tó yẹ kí n dá lóhùn nìkan ló ń pè mí.”

Níwọ̀n ìgbà tí Ọ̀gá bá jókòó tì í, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè dá gbé ọkọ̀ òfurufú lọ sókè, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìlera lọ́dọ̀ dókítà tí Àjọ Ọkọ̀ Òfurufú yàn. Ìwé yẹn ló di òkè ìṣòro.

Lọ́jọ́ tí Eṣinṣin máa lọ, ìyá rẹ̀ bá a lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Òun náà kúkú ń gba ìwé ìlera lọ́dọọdún. Wọ́n á ní kó ka lẹ́tà lára ògiri, wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀, á tún máa kó ọmọ ọlọ́mọ kiri títí di àmọ́dún. Ó jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, lórí àga tí wọ́n fi awọ aláwọ̀ ewé bò, ó ń wo ẹja inú dígí tó ń lọ tó ń bọ̀. Nínú yàrá dókítà, wọ́n wo ojú Eṣinṣin, wọ́n wo etí rẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dára. Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Ó dé orí èyí tó ní ṣé ó ti lo oògùn kan rí nítorí ọpọlọ tàbí ìfọkànsí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Rárá ni kó sọ, kó sì máa wo ojú dókítà tààrà. Ṣùgbọ́n Eṣinṣin ò mọ irọ́ pa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun lo ọ̀kan ní òwúrọ̀ yẹn gan-an.

Nígbà tó jáde, ìyá rẹ̀ rí ojú rẹ̀, ó dìde. Ọmọ náà ṣàlàyé fún un lójú ọ̀nà pé dókítà ò kọ̀, dókítà ò sì fọwọ́ sí i. Dókítà ní ọwọ́ òun ò tó o, Àjọ ló máa dájọ́. Àjọ á sì fẹ́ kó jáwọ́ nínú oògùn náà fún oṣù bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà kó lọ jókòó ìdánwò ọpọlọ ọlọ́jọ́ kan gbáko, kí wọ́n rí i bóyá ọpọlọ rẹ̀ lè dá dúró láìní ọ̀pá ìtìlẹ̀. Tó bá ń lo oògùn, kò lè wa ọkọ̀ òfurufú. Tí ò bá lò ó, ó di dandan kó fi hàn pé kò nílò rẹ̀ rí.

Ìyá Dẹ́rẹ́bà bi í pé kí ló dé tí kò fi dákẹ́.

“Ó wà nínú kọ̀ǹpútà ọsibítù, Màmá. Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni pé ó ń sọ fún un pé títì yìí ti dí, kí wọ́n gba òmíràn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá rẹ̀ lára bí òtútù. Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ. Òun ló mú un lọ lóòótọ́, nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Eṣinṣin da oògùn sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń sùn bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ohun tí oògùn ti ń dì mú fún un bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé omi ka iná, ó jáde lọ ra búrẹ́dì, ó pàdé ọ̀rẹ́, ìkòkò jó gbẹ. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, wọ́n ṣe òmíràn fún un, ó rí ti àkọ́kọ́, ó wá sọ méjèèjì nù pọ̀. Ní ilé ìkẹ́rùsí, ó di bàtà ẹni kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó di ẹ̀rọ ìgéko ránṣẹ́ sí obìnrin tó ra kẹ́tùlù. Àwọn ènìyàn fi ti ẹ̀rọ ìgéko rẹ́rìn-ín títí, ọ̀gá iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí ọjà dídì, wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó ń pè é lórí fóònù ní gbogbo ìgbà tó bá ti já àwọn ọmọ sílẹ̀ tán, ó ń rán an létí oúnjẹ, ó ń rán an létí iṣẹ́, títí ọmọ náà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbìyànjú fúnra òun. Ó wá ń gbé fóònù dání lásán nídìí sitiárì, ó ń wò ó. Ó rí ọmọ rẹ̀ lálẹ́ tó di orí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì níwájú ìwé ojú ọjọ́ àti atẹ́gùn, ó ń ka ìlà kan náà láìmọye ìgbà, ètè rẹ̀ ń mì. Oògùn wà nínú àpótí lókè fìríìjì. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni sí i. Kò sì gbọdọ̀ fún un.

Bàbá ní kó fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní, “Tó bá yege, ó yege. Tí ò bá yege, ilẹ̀ náà gba ènìyàn.” Ìyá Dẹ́rẹ́bà dáhùn pé ilẹ̀ tó gba ẹni tí ń lẹ táìlì lè má gba ọmọ òun. Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ jẹun níta.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Obìnrin onímọ̀ nípa ọpọlọ kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló mú Eṣinṣin wọlé láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n ka nọ́ńbà fún un, wọ́n ní kó kà á padà láti ẹ̀yìn. Wọ́n mú un jókòó síwájú ẹ̀rọ, wọ́n ní gbogbo ìgbà tí lẹ́tà kan bá yọ, kó tẹ bọ́tìnnì, àfi tó bá jẹ́ lẹ́tà báyìí. Ó ń ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ń gé koríko níta, ohùn ẹ̀rọ náà gba ojú fèrèsé wọlé, ọkàn Eṣinṣin bá ohùn náà lọ. Kò lọ jìnnà. Ó padà. Àmọ́ nígbà tó padà, lẹ́tà ti kọjá. Èyí ló ń sọ fún ìyá rẹ̀ nínú mọ́tò, ó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. “Wọn ì bá ti ti fèrèsé yẹn, Màmá. Wọn ì bá kàn ti tì í.”

Èsì jáde. Púpọ̀ nínú rẹ̀ dára, àwọn kan tiẹ̀ ga ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nínú ti ìfọkànsí, ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí wọ́n fẹ́. Dókítà sọ fún Eṣinṣin pé òun ti kọ ìwé tó dára tẹ̀ lé e, pé Ọ̀gá náà ti kọ tirẹ̀, pé nǹkan lè lọ sọ́tùn-ún, ó sì lè lọ sósì. Kí wọ́n máa retí.

Ìretí yìí ni Ìyá Dẹ́rẹ́bà ò lè fara dà. Bí wọ́n bá ní kó ru nǹkan, á rù ú. Bí wọ́n bá ní kó wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí ilẹ̀ parí sí, á bu epo. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe nǹkan kan. Ó ń rò ó nígbà tó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú iná ọkọ̀ tó ń ṣẹ́jú, ó ń rò ó lórí ibùsùn, ó wá dà bíi pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju ti inú yàrá ọsibítù ọmọdé ọjọ́sí lọ. Ẹnu òun ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Tí ẹnu kan náà bá sọ nǹkan mìíràn ńkọ́?

Ó lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó ti já àwọn ọmọ sílẹ̀, kó tó di àkókò àtikó wọn padà. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀sì ńlá náà sí ẹ̀gbẹ́ títì níwájú ọ́fíìsì dókítà, ó tan iná ìkìlọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé bi í bóyá wọ́n ń retí rẹ̀, ó ní rárá, òun á jókòó.

Bàbá arúgbó tinrín ni dókítà náà, òun fúnra rẹ̀ ti wa ọkọ̀ òfurufú rí kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ó fa àga fún un. Ó bi í bóyá ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ó wá, ó ní kò mọ̀.

“Dókítà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ. Kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ yẹn rí. Èmi ni mo parọ́.”

Dókítà gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ parọ́ fún ta ni?”

“Fún àwọn dókítà ìgbà yẹn. Bí mo ṣe rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ ni mo ṣe ń dá wọn lóhùn. Mo fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ máa fún un láyè sí i nínú ìdánwò ni.”

“Oògùn tó ń lò láti ìgbà náà ńkọ́?”

Ìyá Dẹ́rẹ́bà ò tíì ronú débẹ̀. Ó ti wa ọkọ̀ pẹ́ tó láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí bíréèkì bá já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: ènìyàn ò ní í lè dúró mọ́, á kàn máa wá ibi tí yóò yà sí.

“Kì í lò ó,” ó ní. “Mò ń dà á nù ni.”

Dókítà wò ó. Ojú àánú ló fi wò ó, ìyẹn ló sì tún mú un ṣìnà sí i.

“Màmá, ẹ fetí sí mi. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi nípa ẹni tí mò ń yẹ̀ wò, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Tí ẹ bá dìde báyìí, tí ẹ ní ẹ kàn yà wá kí mi ni, èmi náà á ní ẹ kàn yà wá kí mi ni.”

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò yé e. Lójú tirẹ̀, tí ọ̀rọ̀ òun ò bá lágbára ni, bàbá yìí ò ní máa bẹ òun pé kí òun gbé e mì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bẹ ènìyàn kó má sọ ni ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

“Ẹ kọ ọ́,” ó ní.

Dókítà kọ ọ́. Ó kà á sí i létí, ó ní kó fọwọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó jáde, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, àmọ́ kò kan ọkọ̀ wíwà tó fi ń fọ́nnu, ó sì rò pé òun ti ra ọ̀run fún ọmọ òun. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì gbọ́ tó ń kọrin lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ń wo ara wọn lójú.

Ìwé Àjọ dé ní òpin oṣù. Eṣinṣin ló ṣí i, nídìí tábìlì, bàbá àti ìyá rẹ̀ dúró tì í. Ó kà á dé àárín, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìyá rẹ̀ rò pé ọkàn rẹ̀ ló tún fò lọ. Kò fò lọ. Ìwé náà sọ pé ẹni tó wá gba ìwé ìlera ní òun ti ń lo oògùn láti kékeré, òbí rẹ̀ kan sì ti fọwọ́ sí i pé kò lò ó rí. Ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe òótọ́. Níwọ̀n ìgbà tí wọn ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, wọn ò lè gba ìdánwò tó ṣe gbọ́. Kó lọ kó gbogbo ìwé ọsibítù àti ti ilé ẹ̀kọ́ wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó lo odindi ọdún mìíràn láìfi oògùn kan ẹnu, kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kó wá ṣe ìdánwò mìíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wo ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn ò sì ṣèlérí.

“Ta ló sọ fún wọn pé mi ò lò ó?” Eṣinṣin bi wọ́n. Bàbá rẹ̀ ló kọjú sí. Bàbá rẹ̀ ni kò fẹ́ oògùn náà tẹ́lẹ̀.

“Èmi ni,” ìyá rẹ̀ ní.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó ṣe lọ, ohun tí dókítà sọ, bó ṣe ní kó kọ ọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀. Ó ń retí kí ọmọ náà pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Eṣinṣin ká ìwé náà bó ṣe wà, ó tẹ́ ẹ padà, ó tún ká a.

“Ẹ ò bi mí, Màmá.”

“Mo rò pé…”

“Mo mọ ohun tẹ́ ẹ rò.”

Ó dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn ilé. Bàbá rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Ìyá Dẹ́rẹ́bà rí wọn láti ojú fèrèsé, àwọn méjèèjì dúró bákan náà, wọ́n gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń fi èkejì gbá òkúta kékeré kiri. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. 

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì sí aláìsàn kankan ní ọ́fíìsì dókítà nígbà tí Ìyá Dẹ́rẹ́bà débẹ̀. Ó ní irọ́ ni ohun tí òun sọ lọ́jọ́sí, kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ ọ́ pé irọ́ ni. Akọ̀wé wọlé, ó jáde, ó ní dókítà ní òun lè kọ ọ́ tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n yóò di ẹ̀rí kẹta, Àjọ á sì kà á mọ́ méjì ti tẹ́lẹ̀. Kí ó lọ rò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí Ìyá Dẹ́rẹ́bà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni tó fọ́ ọ lè dúró lé e lórí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, kó má mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó padà sídìí bọ́ọ̀sì.

Eṣinṣin gbìyànjú ọdún kan tí Àjọ ní kó lò. Kó má di pé ẹnì kan sọ pé kò gbìyànjú. Ó kọ̀wé béèrè fún ìwé ọsibítù, wọ́n ní àwọn ti kó lọ sí ilé tuntun, kó máa retí. Ó ń sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ nípa pápákọ̀ fún un mọ́. Ìyẹn ló ń dùn ún jù. Ní ilé ìkẹ́rùsí, ó gbàgbé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ní ṣíṣí lálẹ́ ọjọ́ kan, òjò wọlé, ó ba ẹrù jẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó wá iṣẹ́ mìíràn, ìyẹn ò tó oṣù kan.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, ó nawọ́ sókè fìríìjì, ó gbé àpótí oògùn sílẹ̀ sáàárín tábìlì. Ó ní òun ti lọ bá dókítà tó ń fún òun ní oògùn tẹ́lẹ̀, ó ti kọ tuntun fún òun. Ọ̀la lòun máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ bi í pé ọkọ̀ òfurufú ńkọ́.

“Mi ò lè máa gbé báyìí, Màmá. Ó ti rẹ̀ mí.”

 Bàbá rẹ̀ bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ó sún un sọ́dọ̀ rẹ̀.

Oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi rí iṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Ó padà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tọ́wọ́ rẹ̀ bá dẹ̀, ó ń lọ sí pápákọ̀, Ọ̀gá á jókòó tì í, wọ́n á gbéra, wọ́n á yípo, wọ́n á bà. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń dá gbé ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Òun ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá.

Ní Sátidé kan, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá ó máa fẹ́ bá àwọn lọ sókè. Ọdún kan àti ààbọ̀ ti kọjá tó ti dárúkọ ibẹ̀ fún un kẹ́yìn. Ìyá Dẹ́rẹ́bà ò tiẹ̀ bi í bóyá ó léwu. Wọ́n mú un jókòó sẹ́yìn, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí i létí. Ọrùn ọmọ rẹ̀ ló ń wò láti ibi tó wà. Ó gbọ́ tó ń ka ohun tó ń yẹ̀ wò, ó ń fọwọ́ kan án bó ṣe ń kà á, kò fo ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbéra, Ọ̀gá kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì fi wọ́n síbẹ̀. Atẹ́gùn gbé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, Eṣinṣin dá wọn padà kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wakọ̀ mọ ẹni tó mọ ọkọ̀ wà. Ó mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn ọrùn.

Wọ́n bà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Eṣinṣin lọ so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìyá Dẹ́rẹ́bà dúró ti Ọ̀gá lórí koríko, ó bi í pé ṣé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n.

“Ó mọ̀ ọ́n, Màmá.”

“Kí ló wá kù tí a lè ṣe?”

Ọ̀gá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mo ti rò ó títí,” ó ní. “Mi ò rí nǹkan kan.”

Ìyá Dẹ́rẹ́bà mi orí. Ó rìn lọ sídìí mọ́tò, ó jókòó, ó ṣí iná sí i. Eṣinṣin dé, ó wọlé, ó de bẹ́líìtì, ó wá rántí pé òun gbàgbé jákẹ́ẹ̀tì sínú ọkọ̀ òfurufú. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀,” ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré padà lórí koríko. Ìyá rẹ̀ ò pa iná ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé sitiárì, ó ń dúró dè é.